Màṣíìnì Tí Àwọn Àna Mi Pín

Ọkọ kì í jogún ìyàwó. Bí ẹ bá jẹ́ Yorùbá tí ẹ kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́, àmì pé ìyàwó yín ṣì wà láyé nìyẹn. Tèmi kú, a kò sì bímọ, nítorí náà nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́ta wá sí ilé wa ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn wá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. Ẹni tó bá wá kí èèyàn kú ará fẹ́ra kù kì í sábà gbé ọkọ̀ akẹ́rù dání, ṣùgbọ́n mo kí wọn káàbọ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀, torí àna ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ yóò máa dọ̀bálẹ̀ títí àyà rẹ̀ á fi mọ ilẹ̀ dunjú.

Wọ́n kó aṣọ. Wọ́n kó ìkòkò àti àwo, wọ́n kó fíríìjì tó ti di àpótí ìrẹsì láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n kó ìgò ìpara tó ku díẹ̀ nídìí. Bí wọ́n ṣe ń kó o ni wọ́n ń bá mi sọ Yorùbá tó dán bíi ti rédíò, nítorí pé apá Ọ̀yọ́ ni mo ti wá, wọn kò sì fẹ́ kí n sọnù sínú ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá wá fẹ́ bú mi, wọ́n á yà sínú èdè Ọ̀wọ̀. Ogójì ọdún ni mo ti wà nílùú yìí. Mo mọ̀ pé ilé ni ulé, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni uṣẹ́, mo sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí pẹ̀lú. N kò sọ fún wọn rí pé mo gbọ́. Ó máa ń wúlò kí èèyàn mọ ohun tí àna rẹ̀ ń rò gan-an.

Nígbà tí ilé ṣófo tán, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì rí màṣíìnì.

Ó yẹ kí n sọ ìtàn màṣíìnì yìí. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyàwó mi, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n fún un ní màṣíìnì pupa kan láti Jàpáànì, kó lè máa dé ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún ní Afo, ní Elegbeka, àti ní àwọn abà tí mọ́tò kì í dé bí òjò bá ti rọ̀. Ó gun màṣíìnì náà bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Kò sí obìnrin mìíràn tí mo mọ̀ lágbègbè yìí nígbà náà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, tí ọ́fíìsì mi bá ti pa, èmi náà á tẹ̀ lé e. Òun á wà níwájú, èmi á wà lẹ́yìn, àpótí irinṣẹ́ ìgbẹ̀bí á wà lórí itan mi. Ẹ̀yìn ìyàwó mi ni mo jókòó sí tí mo fi mọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ̀. Àwọn ọkùnrin á dúró lẹ́bàá títì, wọ́n á bi mí bóyá ọmú ni mo ń lọ mu.

Mo gbìyànjú láti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà Ipele ni, ibi tó tẹ́jú, tí kò ní kọ́nà kankan, síbẹ̀ mo rí ọ̀nà wọ inú oko ẹ̀gẹ́ kan, mo sì bá olóko ṣe ìkórè tí kò bẹ̀ mí. Ìyàwó mi fà mí dìde, ó gbọn ewé kúrò lára mi, ó ní, "Ẹ máa jókòó sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn ló yẹ yín." Mo gbà. Títí di òní, ará Ipele kan kò lè rí mi kó má bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́.

Nígbà tí màṣíìnì náà darúgbó, ìjọba lù ú ní gbàǹjo, ìyàwó mi rà á. Ó gùn ún fún ọdún díẹ̀ sí i, ó sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan láìsọ ìdí. A tì í sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba bí èmi, tó ti fi ọdún márùndínlógójì ti fáìlì láti orí tábìlì kan sí orí òmíràn, mọ̀ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í ṣe irọ́. Ìlànà iṣẹ́ ni. Ó rán mi létí lọ́dún àkọ́kọ́, ó bínú lọ́dún kejì, nígbà tó di ọdún karùn-ún, ó ti di ohun tí àwa méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín. Àwọn adìyẹ ń yé sórí ìjókòó rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà fi ń bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, ó pè mí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè bó ṣe máa ń ròkè. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nítòsí àtíbàbà náà. Mo sáré jáde lọ wá ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà kan wà ní gbogbo ìkóríta Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn kò bá fẹ́ lọ síbì kankan. Lọ́jọ́ yẹn, mo rìn láti ìkóríta dé ìkóríta kí n tó rí ẹyọ kan. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí a bá tilẹ̀ gbé e dé lójú ẹsẹ̀, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ ìbá já sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ óò ní, àní kí màṣíìnì yẹn dára, ta ni ìbá gùn ún lọ́jọ́ náà? Òótọ́ ni. Mo ti ro ìyẹn láìmọye ìgbà. Ẹ̀bi kì í gbọ́ àlàyé.

Ìyẹn ni màṣíìnì tí àwọn àna mi dúró yí ká lọ́jọ́ ogójì.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rèé: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ipele, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àgbẹ̀ ní Elegbeka, àti àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin, tó ń ránṣọ ní Afo. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò fẹ́ kí ẹnì kan gbé màṣíìnì lọ kó dá a tà. Ọkùnrin ní òun náà kò fẹ́. Àbígbẹ̀yìn ní bí àwọn méjèèjì kò bá ti fẹ́, òun náà kò fẹ́. Bí wọ́n ṣe fọkàn tán ara wọn tó nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pín búrẹ́dì kan fún ọmọ ogójì, ló dá ọgbọ́n rẹ̀: kí kálukú yọ ẹ̀yà kan lọ sílé, ẹnikẹ́ni kò ní lè ta ẹsẹ̀ láìsí orí. Ọkùnrin yọ táyà méjèèjì. Àbígbẹ̀yìn mú kabúrétọ̀, torí ó kéré, ó wọ báàgì. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ mú táńkì epo àti kọ́kọ́rọ́. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì àti eegun rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe pé àánú mi ṣe wọ́n, ọkọ̀ akẹ́rù ló ti kún.

Ẹ̀gbọ́n ní tí a bá ti ṣe ìrántí ọdún kan, àwọn á kó gbogbo rẹ̀ jọ, àwọn á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ní kò burú. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ̀ sì gbéra.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn olùtùnú bẹ̀rẹ̀ sí í wá. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn Áńgílíkà inú Ọ̀wọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní Ọlọ́run ló fún un, Ọlọ́run ló gbà á, bí ẹni pé èmi ló ń bá a du nǹkan. Ọ̀kan ní kí n má ṣe sunkún. N kò tilẹ̀ tíì sunkún, ẹkún kọ̀, kò wá, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ó kìlọ̀ fún mi. Alàgbà kan jókòó tì mí, ó sọ̀rọ̀ Jóòbù títí, nígbà tó dìde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun mọ opó kan tó mọ ọbẹ̀ sè. Mo ní kó bá mi kí i. Nígbà tí gbogbo wọn bá lọ, màá lọ jókòó sẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun màṣíìnì tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lóhùn. Òun nìkan ni kò gbà mí nímọ̀ràn.

Oṣù márùn-ún kọjá báyìí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣàdédé wọkọ̀ lọ sí Ipele.

Ẹ̀gbọ́n kò sí níbi ìsìnkú àbúrò rẹ̀. Àgbà kì í sin ọmọdé lọ́dọ̀ wa, nítorí náà nígbà tí a ń gbé ìyàwó mi lọ sí ilẹ̀, inú yàrá ló tìlẹ̀kùn mọ́rí sí ní Ipele. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ronú kan ìyẹn rí títí mo fi wọ pálọ̀ rẹ̀. Táńkì epo wà lórí àpótí ìjókòó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ti nù ún. Ó fi aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú hun bò ó lórí. Mo ti wọ ilé tí wọ́n ti gbé fọ́tò òkú sí irú ààyè bẹ́ẹ̀ rí. Ti táńkì epo ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, òun náà ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún màṣíìnì yẹn ṣe kí ọdún tó pé."

"Kí ẹ wá fi ṣe kí ni?"

"Kó lè wà lọ́wọ́ mi."

Ó wò mí, ó wò mí, bó ṣe máa ń wo ọmọ tó ní ewúrẹ́ ló jẹ ìwé òun. "Àna wa, màṣíìnì kì í ṣe fọ́tò. Ẹni tó lè gùn ún ló ni ín. Ṣé ẹ̀yin lè gùn ún?"

Gbogbo Ipele ló mọ èsì.

Ó ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ ìrántí, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ tan án lójú wa, kí ẹ gùn ún láti abẹ́ àtíbàbà dé ẹnu géètì. Tí ẹ bá gùn ún débẹ̀, ẹ máa mú un. Tí ẹ ò bá gùn ún débẹ̀, a ó gbé e lọ bó bá ṣe wà." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọbìnrin kan tó ń gbálẹ̀, ó sì fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní gba uṣẹ́ púpọ̀, ẹ̀gẹ́ ni ọkùnrin yìí máa gùn. Mo tẹrí ba. Ó ká aṣọ funfun kúrò lórí táńkì, ó sì gbé e fún mi bí ẹni ń gbé ọmọ fún ẹni tí kò dá lójú. Kọ́kọ́rọ́ ni kò fún mi. Ó ní òun á mú un dání wá lọ́jọ́ náà.

Elegbeka ló kàn. Ọ̀nà ibẹ̀ ní àkókò yìí kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gbà láti wo igi. Awakọ̀ tó gbé wa sáré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbọ́ pé kì í ṣe àwọn ajínigbé nìkan ló ń sá fún. Àwọn sójà dá wa dúró, wọ́n bi mí ibi tí mo ń lọ. Mo ní mo ń lọ gba táyà lọ́wọ́ àna mi. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ní bàbá, ẹ máa lọ. Mo rí i pé ó rò pé orí mi kò pé, n kò sì ní ẹ̀rí tí mo lè fi jiyàn.

Àna mi ti sọ táyà kan di ẹsẹ̀ bárò tó fi ń kó iṣu. Èkejì ló bọ́ rọ́bà lára rẹ̀, ó gbé irin rẹ̀ kọ́ ẹnu kànga, òun ni okùn ń gbà lórí rẹ̀ bí wọ́n bá ń fa omi. Ó fi ọdún mẹ́wàá kéré sí mi, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù, níwájú àwọn ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní tí òun bá fún mi ní èyí, kí ni ilé òun máa fi pọn omi? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Mo padà sí Ọ̀wọ̀, mo ra ẹsẹ̀ gidi tí okùn kànga lè máa gbà lórí rẹ̀, àti ẹsẹ̀ bárò, mo tún gba ọ̀nà yẹn padà wá, mo sì tún kí àwọn sójà wọ̀nyẹn. Nígbà tí àna mi ń tú irin náà sílẹ̀, mo rí i pé ó fi gíríìsì kun ún dáadáa, kò sí ìpẹtà kankan lára rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó yín ló máa ń fi í gbé mi lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì." Ó gbé táyà méjèèjì dé inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì bá mi wí pé n kò mú ìrèké wá fún àwọn ọmọ òun.

Ti Afo kò gba àkókò. Àbígbẹ̀yìn kò bèèrè nǹkan kan. Ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó mú kabúrétọ̀ jáde nínú gèlè ìyàwó mi tó fi wé e. Ó ti fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ó ti sá a sóòrùn, ó sì fi káfúrà sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kabúrétọ̀ irin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ìtọ́jú náà dára. Ó bú sẹ́kún, èmi sì dúró síbẹ̀ mo ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, torí n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń sunkún. Àwọn olùtùnú mi kò kọ́ mi ní ìyẹn.

Mẹkáníìkì tí mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún jẹ́ bàbá arúgbó kan, Mùsùlùmí, ọmọ bíbí ààrin ìlú Ọ̀wọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ óò máa retí kí n sọ pé ìyàwó mi ló gbẹ̀bí rẹ̀. Rárá o, ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó gbóòórùn kabúrétọ̀, ó bi mí bóyá òkú ni wọ́n fẹ́ fi tẹ́. Ó yí ẹ́ńjìnnì ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Màṣíìnì kì í kú. Wọ́n máa ń pa á tì ni." Kò mọ ohun tó sọ. Mo sún mọ́ ògiri, mo ṣe bí ẹni ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

Mo rò pé màá fi màṣíìnì sílẹ̀ fún un kí n máa lọ sílé. Ó fún mi ní sáńpépà. Ó ní ojú òun kò ríran tó mọ́, ìka òun sì ń ro òun, nítorí náà òun á máa fẹnu ṣe é, èmi á máa fọwọ́ ṣe é, a ó sì pín iṣẹ́ náà sí méjì ọgbọọgba. Mo ha ìpẹtà. Mo fi epo fọ ṣéènì títí awọ ọwọ́ mi fi ń bó. Mo tú ìtẹ́ eku kúrò nínú sàlẹ́ńsà, odindi ìdílé ni, àwọn náà ní ìyá. Bí mo bá fi nǹkan kan síbi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀, bàbá náà á fi ọ̀pá rẹ̀ gbá mi lórúnkún, á ní kí n tú u. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ẹnikẹ́ni kò tíì nà mí láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò bí mi nínú.

Ní gbogbo oṣù tí mo fi ń lọ síbẹ̀, kò kí mi kú ará fẹ́ra kù lẹ́ẹ̀kan péré. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń sùn di àárọ̀, pé ebi sì ń pa mí. Ojú tì mí díẹ̀. Èèyàn máa ń fẹ́ kí ìbànújẹ́ òun ju ohun tí sáńpépà lè wò sàn lọ.

Òun náà ló kọ́ mi ní gígùn. Màṣíìnì tirẹ̀ la fi ń kọ́ ọ, ní pápá ilé ìwé kan, ní ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pariwo kílọ́ọ̀ṣì, ó ń pariwo búréèkì. Mo ṣubú lọ́nà tó pọ̀ ju iye tó yẹ kí n sọ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ ìrántí, mo gùn ún yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bàbá náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní màá dé ẹnu géètì, tí géètì kò bá ti jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo padà sílé, mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti abẹ́ àtíbàbà dé géètì. Ogójì ìgbésẹ̀ ni. Ọmọ ọdún márùn-ún lè fi kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé màṣíìnì yìí kò ní kúrò nílé mi.

Ọjọ́ ìrántí pé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ka orúkọ ìyàwó mi, wọ́n ṣì í pè. A ti ibẹ̀ dé ilé, àwọn èèyàn jẹ ìrẹsì, alàgbà ọjọ́sí mú opó rẹ̀ wá, ó sì mọ ìrẹsì í jẹ. Mẹkáníìkì wá pẹ̀lú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú ọ̀pá rẹ̀ dání. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ẹ̀gbọ́n nu ẹnu, ó ní, "Àna wa, ó yá." Gbogbo wa bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Màṣíìnì dúró lábẹ́ àtíbàbà, ó pupa, ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìdí ìró rẹ̀, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Mo fi í sínú ihò rẹ̀, mo yí i. Mo fẹsẹ̀ ta á, kò dáhùn. Mo tún ta á. Mo gbọ́ tí àna mi ọkùnrin sọ nǹkan kan ní èdè Ọ̀wọ̀ nípa irin àlòkù. Nígbà tí mo ta á lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó wú ikọ́, ó fọn èéfín dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bó ṣe máa ń ké nígbà tí ìyàwó mi bá ń yọ lọ́nà Elegbeka ní ìrọ̀lẹ́, tí mo máa ń gbọ́ ọ láti inú ilé, tí màá lọ gbé omi ẹ̀bà kaná. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mẹkáníìkì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

Mo gun màṣíìnì.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí.

N kò mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí màṣíìnì mẹkáníìkì, iwájú ni mo máa ń jókòó, ọwọ́ mi á lọ sí hándù fúnra rẹ̀. Lórí ti ìyàwó mi yìí, ẹsẹ̀ mi lọ sí ibi tó mọ̀. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì lé itan, bí ẹni gbé àpótí dání. Mo sì ń dúró. Màṣíìnì ń ké, ó ń mì mí, mo ń dúró kó wá jókòó ká máa lọ. Kò sí ohun tí mo rò ju ìyẹn lọ. Mo rí ojú àbígbẹ̀yìn, mo rí i pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èmi sì ń ṣe kàyéfì ohun tó ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n ló rìn wá. Ó na ọwọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́, ohùn màṣíìnì kú.

Ó ní, "Àna wa, kò ní wá."

Mo ní, "Mo mọ̀." Irọ́ ni. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé mo mọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀, lójú opó alàgbà, lójú gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹkún tó ti kọ̀ mí láti ọdún kan sì dé láìkan ilẹ̀kùn. Mo sunkún bí ọmọdé. N kò lè sọ̀kalẹ̀, n kò sì lè sún síwájú. Géètì wà lọ́ọ̀ọ́kán, ogójì ìgbésẹ̀, ó ti di ibi tí n kò lè dé. Mo mọ̀ pé wọ́n á gbé màṣíìnì lọ, mo sì mọ̀ pé ẹ̀bi tèmi ni.

Ẹ̀gbọ́n di ìró rẹ̀ mú, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ní òkùnrùn orúnkún, ó di èjìká mi mú, ó sì gun iwájú màṣíìnì. Kò mọ̀ ọ́n gùn. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan hándù. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ibi tí gèlè parí sí lọ́rùn rẹ̀, bó ṣe rí gan-an ni ti àbúrò rẹ̀ ṣe rí. Fún gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ àna rẹ̀, iwájú rẹ̀ ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀. N kò rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ láìyíjú padà, ó sì fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ ọ́, èdè tí kò bá mi sọ rí. Ó bi mí bí àbúrò òun ṣe rí lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sílẹ̀, irú aṣọ tí a wọ̀ fún un, bóyá ojú rẹ̀ pa dé dáadáa. Èdè Ọ̀wọ̀ ni èmi náà fi dá a lóhùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.